Orí Kẹfà Tí Tísà Wa Fò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń wọ yúnifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé lọ sí ilé-ìwé girama ní Inísà, a kò tíì yọ Ọ̀ṣun kúrò lára ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lójú ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ayé àtijọ́ pátápátá nìyẹn. Lójú tèmi tí mo ti ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, àfi bí ẹni pé mo sun oorun ọ̀sán díẹ̀ ni, tí mo jí, tí irun mi ti ń funfun. Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ̀rọ̀ olùkọ́ kan fún yín, ẹni tó kọ́ wa ní Yorùbá nígbà náà, àti ìwé kan tó ń kà fún wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó bá mi lọ láìsọ.

Kíláàsì wa kò ní fèrèsé tó ṣeé tì. Bí òjò bá ti ń bọ̀ láti apá Òkukù, àwa tá a jókòó sẹ́bàá ògiri á kó ìwé wa mọ́ àyà, á sá lọ sí àárín, a ó sì fún ara wa mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì títí òjò yóò fi dá. Ìlú le nígbà náà. Oúnjẹ ni àwọn òbí ń lé kiri, ìwé dẹ̀yìn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tá a wọ kíláàsì kejì, tí wọ́n ní kí á ka ìwé ìtàn àròsọ kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láàárín gbogbo wa. Ti Tísà ni. Òun ló ń kà á sókè, àwa ń gbọ́.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Tísà, kì í pariwo, kì í sì í fi ẹgba dẹ́rù bani. Ọmọ Òkukù ni, ṣùgbọ́n Ìkìrun ló ń gbé. Láràárọ̀, bọ́ọ̀sì tó bá ń bọ̀ láti Ìkìrun á já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ sí Òkukù. A máa ń yọjú wò ó. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀sì náà kíá, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ariwo ẹ́ńjìnnì yóò fi lọ tán, kó tó wọlé. A rò pé eruku ló ń sá fún.

Àkọ́kọ́ ohun tó kọ́ wa lórí ìtàn àròsọ ni àhunpọ̀ ìtàn, ìyẹn bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn ṣe so mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya òkè kan sójú pátákó, irú òkè tí ẹ ń rí bí ẹ bá dé Ìkìrun. Ó ní ẹsẹ̀ òkè lọ́wọ́ òsì ni ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti mọ àwọn ẹ̀dá ìtàn àti ibi tí wọ́n ń gbé. Bí òkè ṣe ń ga ni ọ̀ràn ń díjú. Orí ṣóńṣó ni gbogbo nǹkan ti ń gbóná jù, níbi tí ohun tó ń bọ̀ ti dé, tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó máa sọ̀ kalẹ̀, ìdí ọ̀ràn ń tú, títí a ó fi dé ẹsẹ̀ òkè lódì kejì, tíí ṣe òpin.

Kí ó lè yé wa, ó pe ọmọkùnrin kan tó pẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà síwájú. Ó ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà ní ìyá òun ló rán òun lọ lọ ata, ẹ̀rọ kọ̀ kò ṣiṣẹ́, ó sáré lọ sí òmíràn, èèyàn pọ̀ níbẹ̀, nígbà tó sì máa dé ilé-ìwé, igbákejì ọ̀gá ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pankẹ́rẹ́.

Tísà béèrè pé, "Ibo ni ṣóńṣó rẹ̀ wà?"

Gbogbo wa pariwo pé, "Pankẹ́rẹ́!"

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó wá sọ ohun kan tí mo kọ sínú ìwé mi, tí mo sì fi kọ́ ọmọ tèmi nígbà tó yá: "Bí ẹnì kan bá ń sunkún nínú ìtàn, ẹ má wo omijé rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Kò sí ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn."

Ìwé tó ń kà fún wa dá lórí apẹja kan, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Etí odò ńlá kan ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ mi, Tísà mọ̀wé kà! Bí apẹja bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á ki. Bí ìyàwó bá ń dáhùn, á rọ̀. Àwa tá a ti jẹ ẹ̀bà ọ̀sán yó, tó yẹ kí á máa tòògbé, ńṣe là ń na ọrùn. Ní orí karùn-ún, apẹja jókòó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú ọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ibẹ̀ ni aago lù.

Nígbà tí iṣẹ́ Yorùbá tún kàn wá, Tísà ṣí ìwé náà, ó di ojú ìwé mélòó kan pọ̀ mọ́ra, ó sì ṣí wọn kọjá. Ó ní, "Orí keje." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Apẹja ti jókòó síwájú ilé, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, àwọ̀n rẹ̀ wà lára ògiri, aláǹtakùn ti ta òwú sí i.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nawọ́. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Inísà. Kò pọ̀ lọ́rọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fo orí kẹfà."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," Tísà dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Sà, ẹ ní kò sí ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn. Lọ́jọ́sí, apẹja ń rẹ́rìn-ín. Lónìí, kò jẹun. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́, sà? A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú àfojúdi. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Tísà wò ó. Ó pa ìwé dé, ó rọra gbé ṣọ́ọ̀kì sórí tábìlì bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀, ó sì jáde. A rò pé ó lọ tọ̀. Aago lù, kò padà. Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò wá.

Ìyá mi ń ta abọ́ lọ́jà Ìkìrun, ó sì mọ èèyàn púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn fún un nírọ̀lẹ́, ó dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀fọ́ tó ń já.

"Háà! Ẹ kò mọ̀ pé ó bí ọmọbìnrin kan ni? Ẹgbẹ́ yín ni ì bá jẹ́ báyìí."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Tísà fẹ́ rán ọmọ yìí lọ sí Òkukù kó lọ gba èlùbọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà. Òjò ń ṣẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kó di ọ̀la. Tísà ní bọ́ọ̀sì pọ̀ lójú ọ̀nà, ọmọ náà yóò ti padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà dé Òkukù, ó gba èlùbọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì sì yọ̀ kúrò lójú títì níbi afárá kan kí wọ́n tó dé Inísà. Nígbà tí ìròyìn kan Tísà ní Ìkìrun, kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán. Òun fúnra rẹ̀ sá lọ sí ilé ọ̀rẹ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ orí ara rẹ̀. Wọ́n gbé òkú ọmọ lọ sí Òkukù, kò lè tẹ̀ lé wọn. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé òkú náà, kò sì padà sí Ìkìrun mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló kù sí, tó ń ránṣọ.

Ìyá mi ní, "Ẹnikẹ́ni kò lé e. Wọn kò jà. Ó kàn lọ ni. Baba yẹn kò sì tíì kọjá Inísà láti ọjọ́ náà. Ìyá tó bí i gan-an, awakọ̀ ló ń fi nǹkan rán sí i."

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ kejì lábẹ́ igi máńgòrò. Kò bá wa ṣeré mọ́. Ó kàn ń tún un sọ pé, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

Ní Sátidé, ìyá mi mú àwa méjèèjì dání lọ sí Ìkìrun. Kó tó lọ pàtẹ, ó mú wa dé ilé Tísà. A bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, lórí àga kan, irùngbọ̀n ti kún ojú rẹ̀. Ilé náà mọ́, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. N ò mọ̀ ni."

Tísà ní, "Dìde, ọmọ mi. Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ pé kí o máa béèrè bẹ́ẹ̀?" Ó kọ ojú sí títì níbi tí bọ́ọ̀sì ń gbà kọjá. "Mo fò ó fún àwọn tó ṣáájú yín, wọ́n sì kọ ohun tí mo kọ. Ìwọ lo kọ́kọ́ béèrè ọmọ náà."

Ìyá mi fi etí ìborùn nu ojú, ó sì ní kí á máa lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Tísà wọlé. Ó ti fá irùngbọ̀n. Kò ṣàlàyé ohunkóhun fún kíláàsì. Ó tún òkè rẹ̀ yà sójú pátákó, ó ṣí ìwé, ó ní, "Orí kẹfà."

Apẹja fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbé epo kọjá odò lọ fún àbúrò òun. Ojú ọjọ́ ti ṣú. Ìyàwó rẹ̀ ní, ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ là ná. Apẹja ní, ṣé òjò ni yóò pa á jẹ? Ibẹ̀ ni ohùn Tísà ti dúró. Ó gbìyànjú gbólóhùn tó kàn, kò lọ. Ó na ìwé náà sí ọ̀rẹ́ mi láìwo ojú rẹ̀, ó sì kọ ojú sí pátákó.

Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó sì kà á. Kò lè yí ohùn padà bíi ti Tísà, bó ṣe wà lórí ìwé ló ṣe kà á, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ọkọ̀ dojú dé láàárín odò. Wọ́n wá ọmọ títí, àjẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Apẹja rìn lọ sílé nínú òjò. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé, ó ń fọ aṣọ ọmọ náà. Apẹja dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò ní kó jẹ́ kí àwọn bá a sọ ọ́. Ó ní rárá. Ó wọlé, ó ní, "Èmi ni mo rán an. Odò ti gbé e lọ."

Ọmọkùnrin tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ nà lọ́jọ́sí fi orí lé orí tábìlì, ó ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣẹ̀sín.

Tísà béèrè láìyíjú padà pé, "Ibo ni ṣóńṣó ìtàn yìí wà?"

Ọ̀pọ̀ wa ní ibi tí ọkọ̀ ti dojú dé ni. Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi tó ṣì wà lórí ìdúró ní, "Ibi tí baba náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Nígbà tí ọkọ̀ dà, kò sí ohun tó lè ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ó lè sá. Kò sì sá."

Mo wo ẹ̀yìn Tísà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí ṣóńṣó òkè náà, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ṣọ́ọ̀kì kán. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ yẹn."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ń bọ̀ láti ọjà, Tísà sì wà nínú bọ́ọ̀sì tó wọ̀. Wọ́n dé Inísà, ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, Tísà kò dìde. Ìyá mi ní, "Tísà, Inísà rèé o." Ó dáhùn pé, "Òkukù ni mò ń lọ, mà." Abọ́ ṣì wà lórí ìyá mi nígbà tó ń sọ fún wa nílé. Kò rántí sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkukù, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí èmi náà ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí mo lọ kí i ní Ìkìrun. Ó ní nígbà tí òun dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó òun wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ. Ó dá ẹsẹ̀ dúró, ó sì wo òun. Òun ní, "Èmi ni mo rán an." Obìnrin náà ní, "Mo mọ̀. Ṣebí mo wà níbẹ̀. Mo kàn ń retí kí ẹ wá sọ ọ́ fún mi ni." Ó bu omi fún un, ó sì mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n sin ọmọ sí. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Kó tó máa lọ, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n jọ padà sílé. Obìnrin náà mi orí. Ó ní, "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá a gbé níbí?"

Lójú pátákó, ẹni tó bá ti dé ṣóńṣó òkè á sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Tísà. Iṣẹ́ wà ní Inísà, ilé wà ní Ìkìrun, ìyàwó àti sàréè ọmọ wà ní Òkukù. Ní gbogbo Sátidé, á lọ, á sì padà nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni àkókò burúkú tí owó oṣù olùkọ́ kì í wọlé dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru dé sí i, kò rówó ra oògùn bó ṣe yẹ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò tíì tó ẹni tó ń fẹ̀yìntì nígbà tó kú.

Òkukù ni wọ́n gbé e lọ, lójú ọ̀nà kan náà. Àwa díẹ̀ tó kọ́ lọ síbẹ̀. Aládùúrà ni ìyàwó rẹ̀, sùtánà funfun ló wọ̀, kò sì pariwo ẹkún. Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, ó pè wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Èwo nínú yín ló béèrè ọmọ náà?"

A wo ara wa. Èmi ni mo kúnlẹ̀ dáhùn. Mo ní, "Kò sí láàárín wa, mà." Mo sọ fún un pé bá a ti parí kíláàsì kẹta, àbúrò ìyá ọ̀rẹ́ mi náà mú un lọ sí Èkó láti máa bá ẹnì kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní yóò máa kàwé níbẹ̀. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i. Òun ló jẹ́ kí ọkọ mi wá."

Mo ti wá a. Bí mo bá dé Èkó, mo máa ń wo ojú àwọn obìnrin tó jọ ẹgbẹ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù. N kò tíì rí i títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ti fi fèrèsé sí kíláàsì wa àtijọ́. Ìwé kò wọ́n mọ́ bíi tìgbà náà, àní inú fóònù lẹ ti ń rí òmíràn. Mo mọ̀ pé ayé tiwa le, n kò sì gbàdúrà kó padà wá. Àmọ́ nígbà náà, ẹyọ ìwé kan la jọ ń gbọ́, ẹni tó ń kà á wà lójú wa, a sì ń gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ ti kán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi tó wà ní kíláàsì kejì wá jókòó tì mí pẹ̀lú fóònù ìyá rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àhunpọ̀ ìtàn. Ó ti rí gbogbo rẹ̀ níbẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀, ìdíjú, ṣóńṣó, ìtú, òpin, ó sì ń dà á kọ kíákíá. Mo wo ìdáhùn rẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Mo rí i pé ẹnì kan kú nínú ìtàn náà. Mo bi í pé, "Ta ni ẹni yìí, àti pé ta ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ẹ̀gbọ́n Màmá, wọn ò béèrè ìyẹn."